Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Òwìwí Ń Gbé Lájà Kíláàsì Wa

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, Pírámárì Kẹrin ni mo ń kọ́. Láti ìgbà tí a ti wọlé ní táàmù yìí ni òwìwí méjì ti ń gbé lájà kíláàsì wa. Àwọn ọmọ rí ọ̀kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó gba ihò etí òrùlé fò jáde, láti ọjọ́ náà ni ọkàn wọn kò ti balẹ̀ mọ́. Àwọn kan kò fẹ́ jókòó lábẹ́ ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin inú wọn a máa sọ òkò sí àjà bí mo bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Bàbá ọlọ́dẹ wa ní òun ń gbọ́ tí ẹnì kan ń hanrun lókè àjà lóru, ó sì ní òun kò ní sun ọgbà náà mọ́ bí a kò bá wá ẹni tí yóò lé wọn. Òbí kan tilẹ̀ wá bá mi pé ọ̀sẹ̀ tí ẹyẹ náà ké lẹ́yìnkùlé àwọn ni ìyá òun kú, nítorí náà kí n má ṣe dárúkọ rẹ̀ létí ọmọ òun.

Èmi kò fẹ́ kí wọ́n pa wọ́n. Mo fẹ́ fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n sọ fún wọn pé kò sí àjẹ́ ni? Ṣé ẹyẹ yìí lè ṣe ọmọ léṣe? Kí sì ni mo lè fi hàn wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé òru ni ẹyẹ náà ń jáde, ọ̀sán ni a sì ń kàwé?

Olùkọ́ Pírámárì Kẹrin, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN



Bàbá ọlọ́dẹ ni ká kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí etí rẹ̀ kò tàn án. Ohun kan ń hanrun lókè àjà yín lóòótọ́: àwọn ọmọ òwìwí ni. Òwìwí ojú funfun ló fẹ́ràn àjà ilé, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àti ihò igi ńlá, bí ọmọ rẹ̀ sì ṣe ń tọrọ oúnjẹ nìyẹn. Kì í ké ṣíoṣío. Ṣe ni yóò máa fa èémí gùùrù, gùùrù, bí àgbàlagbà tí oorun ti wọ̀ lára. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti àṣálẹ́ títí di ìdájí, ta ni kò ní sá? Ẹ sọ fún bàbá pé kò sí òkú lájà, kò sì sí iwin. Tọkọtaya kan ló bímọ síbẹ̀, ebi ló sì ń pa àwọn ọmọ wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Wọ́n ń bẹ̀rù nítorí pé ohùn nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ olóhùn. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ ó kọ́ wọn kò ju pé kí wọ́n mọ olóhùn lọ: ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń tọ́mọ, bó ṣe ń gbọ́ràn, àti ìdí tó fi ń rìn lóru. Bí ọmọ bá ti mọ èyí tán, ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ̀ ọ́ pé kó má bẹ̀rù.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdílé ṣáájú, torí pé ó yé ọmọ ju ohunkóhun lọ. Òwìwí ojú funfun kì í kọ́ ìtẹ́. Ilẹ̀ gbalasa inú àjà tàbí inú ihò igi ló máa ń yé ẹyin funfun rẹ̀ sí. Kì í yé wọn lọ́jọ́ kan náà. Bó bá yé ọ̀kan lónìí, ó lè tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó yé òmíràn. Orí ẹyin àkọ́kọ́ ni ìyá sì ti ń jókòó, yóò fi nǹkan bí ọjọ́ 30 sàba lé e. Nítorí náà àwọn ọmọ kì í pa pọ̀. Inú ìtẹ́ kan náà ni ẹ ó ti rí ẹ̀gbọ́n tó ti ń hu ìyẹ́ àti àbúrò tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ní gbogbo àsìkò tí ìyá bá wà lórí ẹyin àti lórí ọmọ kéékèèké, bàbá ló ń ṣọdẹ fún gbogbo ilé.

Ní ilẹ̀ Switzerland, Alexandre Roulin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lausanne ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí ohun tí àwọn ọmọ yìí ń bá ara wọn sọ kí òbí wọn tó dé. Wọ́n rí i pé wọn kì í dúró dìgbà tí eku bá dé kí wọ́n tó máa jà á. Ṣáájú ni wọ́n ti ń dúnàádúrà. Èyí tí ebi ń pa jù yóò máa ké léraléra, àwọn tó kù yóò rẹ ohùn sílẹ̀ fún un. Wọ́n tún rí ẹ̀gbọ́n tó ń fa eku tirẹ̀ fún àbúrò. Ẹ bi kíláàsì yín léèrè: ta ló ń fi ẹran sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ nílé? Lẹ́yìn ìbéèrè yìí, ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó ń wá òkò kiri yóò dínkù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn náà ní ọ̀sán gangan. Àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ ti kó ohùn ẹyẹ gbogbo àgbáyé jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi kan tó ń jẹ́ xeno-canto, ọ̀fẹ́ sì ni. Tyto alba ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe òwìwí ojú funfun. Ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀ lórí fóònù yín, ẹ ó gbọ́ igbe àgbà, ẹ ó sì gbọ́ ìhanrun ọmọ. Inú kíláàsì mìíràn ni kí ẹ ti ṣe èyí, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn náà lọ sílẹ̀. Bí òwìwí tó wà lájà bá gbọ́ ọ, yóò rò pé òwìwí àjèjì ló wá gba ilé òun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sín ohùn náà jẹ. Ohun tí ọmọ bá ti sín jẹ tó sì rẹ́rìn-ín sí kì í lé e bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lálẹ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ etí ló kàn. Ojú funfun pẹrẹsẹ tí òwìwí ní yẹn kì í ṣe ẹwà lásán. Ìyẹ́ líle tó yí i ká ló ń kó ìró jọ sínú ihò etí méjì tó fara pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́. Ihò etí kan ga ju èkejì lọ, nítorí náà ìró kì í dé etí méjèèjì bákan náà. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló ń fi ibi tí eku wà gan-an han òwìwí. Roger Payne, ọmọ Amẹ́ríkà tí orin àwọn ẹja àbùùbùtán sọ di olókìkí lẹ́yìn náà, ló dán an wò nínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri tí wọ́n da ewé gbígbẹ sílẹ̀ rẹ̀. Òwìwí mú eku nínú òkùnkùn náà. Ó wá fi okùn wọ́ ìdì pépà gba inú ewé kọjá: òwìwí já lé pépà lórí. Etí ló ń lò, kì í ṣe imú, kì í sì í ṣe awo.

Àwọn ọmọ lè ṣe irú ìdánwò yìí nínú ọgbà. Ẹ fi gèlè di ojú ọmọ kan, kí àwọn yòókù yí i ká, kí ẹ tú ewé gbígbẹ ká sílẹ̀ níwájú wọn. Kí ẹnì kan ṣoṣo fi ẹsẹ̀ tẹ ewé, kí ẹni tí a di lójú na ọwọ́ sí ibi tí ìró ti wá. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa nà án síbi tó yẹ. Ẹ wá ní kó fi ìka di etí kan pinpin, kí ẹ tún un ṣe. Yóò máa na ọwọ́ sí ibi tí kò sẹ́nì kankan, ẹ̀rín yóò sì pa gbogbo kíláàsì. Wọn kò ní gbàgbé iṣẹ́ tí etí méjì ń ṣe.

Ti ojú náà ní eré tirẹ̀. Ẹyinjú òwìwí kò rí roboto bíi tiwa, ó gùn wọ inú agbárí, kò sì lè yí nínú ihò rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ká pépà méjì bíi páìpù, kó gbé wọn sójú, kó gbìyànjú láti ka ohun tí ẹ kọ sí igun méjèèjì ògiri láìyí orí. Kò ní lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí òwìwí fi ń fi ọrùn ṣe iṣẹ́ tí àwa ń fi ẹyinjú ṣe. Eegun ọrùn ènìyàn jẹ́ 7, ti òwìwí jẹ́ 14, ó sì lè yí orí rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òbírí. Bí ọmọ kan bá sọ pé bàbá òun ní òwìwí ń yí orí po tán, ẹ ní ó kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìyẹ́ tó já bọ́ lábẹ́ ihò yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wá ìyẹ́ ẹyẹlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí ìyẹ́ ẹyẹlé gún régé. Ìyẹ́ ìta apá òwìwí ní eyín wẹ́wẹ́ níwájú, ó ní jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ rírọ̀ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jù wọ́n fìrìfìrì létí ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ẹyẹlé yóò dún, ti òwìwí kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Ẹyẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ìlàjì kílò yìí lè fò kọjá lórí ènìyàn láìsí ìró kankan. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń sọ nípa òwìwí ti ibẹ̀ wá. Ènìyàn kàn rí ohun funfun tó kọjá nínú òkùnkùn, kò sì gbọ́ apá. Kí ni yóò pè é?

Èyí mú wa dé orí ìbéèrè yín nípa àjẹ́. Rárá o, ẹ má sọ fún wọn pé kò sí àjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá sọ ọ́, ọmọ yóò délé, yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé olùkọ́ òun ní irọ́ ló ń pa. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó bá ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá yín, ọ̀rọ̀ òwìwí yóò sì ti di ọ̀rọ̀ ìjà. Láti ayébáyé ni ẹyẹ ti jẹ́ àmì agbára àwọn ìyá wa. Ó wà lórí adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba, ó wà lára ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀kọ́ ìdajì wákàtí kò lè wó ohun tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó tọ́ sí yín láti sọ ni pé: èyí tó wà lájà wa, ẹyẹ ni. Ó ń yé, ó ń pa, eku ló ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àjẹ́, kó sọ ọ́ nílé rẹ̀.

Àwọn ọmọ yín ti gbọ́ òwe náà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ má bá òwe jà. Ẹ fún kíláàsì ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Láràárọ̀, kí ọmọ kan bi bàbá ọlọ́dẹ bóyá òwìwí ké lóru, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò lọ́jọ́ náà: wọ́n sọmọ lórúkọ, òjò rọ̀, iná kò wá, ẹnì kan ṣàìsàn, ẹnì kan ra ọ̀kadà tuntun. Òwìwí tó ní ọmọ nínú ìtẹ́ ń ké lálaalẹ́. Kí oṣù kan tó pé, ìwé yẹn yóò ti kún fún òru tí ẹyẹ ké tí gbogbo ilé sì jí sí ayọ̀. Òru tí ó ké tí ẹnì kan sì kú nìkan ni a máa ń rántí. Ta ló ń ka èyí tó kù? Ẹ má ṣe dá a sọ fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé wọn sókè, wọn yóò dá a rí.

Ní ti òbí tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ kí i kú ara fẹ́ra kù, kí ẹ má ṣe bá a jiyàn lórí ohun tó pa ìyá. Bí ó bá ní kí ọmọ òun má dá sí i, ẹ fún ọmọ náà ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa yọjú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni òwìwí ń já láyà. Ní England, àwọn àgbẹ̀ ìgbà kan a máa kan òkú òwìwí mọ́ ilẹ̀kùn àká kí ibi má bàa wọlé. Òwìwí ojú funfun yìí náà ni. Lónìí, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1981 ń dáàbò bò ó níbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dà á láàmú nínú ìtẹ́ sì ti rú òfin. Àmọ́ ẹ má fi irọ́ kan pààrọ̀ òmíràn o. Òwìwí onígò ojú tó ń kọ́ni lọ́gbọ́n nínú fíìmù àwọn ọmọdé kì í ṣe òótọ́ náà. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdẹ ni.

Iṣẹ́ ọdẹ yìí sì ní ẹ̀rí tí a lè fojú rí ní ọ̀sán. Òwìwí ojú funfun kì í ya ẹran jẹ bí àṣá, odidi ló sábà máa ń gbé eku mì. Ikùn rẹ̀ yóò da ẹran, yóò wá di irun àti egungun pọ̀, yóò sì bì í jáde ní ìdì kan tó tó àtàǹpàkò. Kì í ṣe ìgbẹ́ o. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, dúdú ni, ó sì ń dán. Bí ó bá gbẹ, á di eérú eérú. Ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ ihò etí òrùlé, ẹ ó rí i. Nínú ìdì kan ṣoṣo, ẹ lè bá agbárí eku mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kò fọ́. Eyín iwájú eku gùn, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, àlàfo ńlá sì wà láàárín rẹ̀ àti eyín ẹ̀yìn. Ti asín yàtọ̀: ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, eyín mímú wẹ́wẹ́ sì tò láti iwájú dé ẹ̀yìn láìsí àlàfo. Pẹ̀lú ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí, ọmọ Pírámárì Kẹrin lè sọ ohun tí òwìwí jẹ lálẹ́ àná.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan níbí. Eku ilẹ̀ wa kan ló ń gbé àrùn ibà Lassa kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, tó sì ń pa ènìyàn lọ́dọọdún títí di òní, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó. Òwìwí ń jẹ eku yìí. Nítorí náà ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdì náà. Ẹ̀yin ni kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí ẹ fi irin mú un. Ẹ sá a sóòrùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti tó o, kí ẹ wá fi fọ́ìlì wé e, kí ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 40 nínú ohun ìyan tí ẹ kò fi ṣe oúnjẹ, tí ooru rẹ̀ tó 160 ní òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀yin ni kí ẹ tú u, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ egungun mọ́ páálí. Páálí yẹn ni kí àwọn ọmọ máa wò, kí wọ́n máa yà á sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé agbègbè tí ibà Lassa ti ń jà ni ẹ wà, ẹ fi ìdì náà sílẹ̀ pátápátá, àwòrán ti tó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò. Òwìwí kan lè jẹ eku kéékèèké mẹ́ta sí mẹ́rin lóru kan. Ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Oṣù kan ńkọ́? Bí ọmọ márùn-ún bá wà nínú ìtẹ́ ńkọ́? Ẹ bi wọ́n léèrè iye ìyẹ̀fun gàrí àti àgbàdo tí eku wọ̀nyẹn ì bá jẹ. Ní Malaysia, níbi tí oko ọ̀pẹ ti lọ salalu, àwọn olóko ń kan àpótí sáàárín oko kí òwìwí ojú funfun lè máa gbé ibẹ̀, torí eku ń jẹ ẹyìn wọn. Ọ̀pẹ yẹn, láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní àwọn àdúgbò Johannesburg bí Alexandra, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n gbé àpótí òwìwí sí nítorí eku, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló sì ń ṣọ́ wọn. Ohun tí ẹlòmíràn ń kan àpótí fún ti wá bá yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ní òru ni ẹyẹ náà ń jáde. Ẹ wá ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí kò sí òjò, kí àwọn ọmọ wá pẹ̀lú òbí wọn ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Kí wọ́n jókòó síbi tó jìnnà tó ìṣísẹ̀ 30 sí ihò náà, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, ẹ má tàn án sí ẹyẹ lójú. Kí ọmọ kan kọ aago tí àgbà fò jáde sílẹ̀, kí òmíràn ka iye ìgbà tó padà wọlé. Bí bàbá tàbí ìyá bá gbé eku dé, ẹ ó gbọ́ tí ariwo àjà yóò sọ sókè lójijì, yóò sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọdẹ àgbà kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ pè é wá. Òun ti jókòó nínú òkùnkùn ju gbogbo wa lọ, yóò sì sọ fún wọn nípa àwọn òwìwí mìíràn tó wà nínú igbó.

Wọ́n pọ̀. Irú òwìwí tó wà láyé tó nǹkan bí 250. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiyín, èyí tó ní ìwo ìyẹ́ méjì lórí wà níbẹ̀. Ìwo yẹn kì í ṣe etí. Òmíràn kékeré wà tí ojú rẹ̀ funfun, tí ìlà dúdú yí i ká, tó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á, yóò fún ara rẹ̀ pọ̀ tínrín títí yóò fi jọ kùkùté ẹ̀ka. Kékeré mìíràn tún wà tó ń jáde lọ́sàn-án, tó ní àpá dúdú méjì ní ìpàkọ́ bí ojú, kí ẹni tó bá fẹ́ gbá a mú láti ẹ̀yìn lè rò pé ó ń wo òun. Bí ẹ bá lè kó àwọn ọmọ lọ sí igbó tí IITA ń tọ́jú n'Ìbàdàn, tàbí sí Lekki Conservation Centre l'Ékòó, àwọn tó mọ ẹyẹ wà níbẹ̀ tí yóò mú wọn rìn.

Ṣé ó lè ṣe ọmọ léṣe? Kì í wá ènìyàn jà. Ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ mú, òbí tó ní ọmọ sì lè já lu ẹni tó bá sún mọ́ ìtẹ́. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ gun àjà, nítorí òwìwí àti nítorí ìtọ̀ eku tó wà níbẹ̀. Bí ọmọ òwìwí bá já bọ́ sílẹ̀, òbí rẹ̀ kì í sábà bọ́ ọ nílẹ̀. Kí àgbà fi táwẹ́lì nínípọn gbé e, kó dá a padà sí ẹnu ihò ní àṣálẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un sìn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ẹlẹ́wé ọmọ. Gbogbo irú òwìwí ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES tó ń ṣọ́ òwò ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì ti wọ̀ ọ́ láti ọdún 1974.

Ní ti àjà, ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ báyìí. Ọmọ òwìwí ń lò tó nǹkan bí oṣù méjì kó tó lè fò. Bí ìhanrun náà bá ti dáwọ́ dúró tí ẹ kò sì rí wọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ pe káfíńtà kó dí ihò náà lọ́sàn-án, lẹ́yìn tó bá ti yẹ àjà wò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àmọ́ kó tó dí i, kó kan àpótí pákó kan mọ́ igi tàbí ògiri ẹ̀yìn ọgbà, kó ga tó mítà mẹ́ta ó kéré tán. Kí ilẹ̀ àpótí náà fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kó gùn tó 60. Láti ẹnu ihò dé ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 45, kí ọmọ tí kò tíì mọ fífò má bàa já bọ́. Bí òwìwí bá fẹ́, yóò lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ní gbogbo àsìkò tí òwìwí bá wà nínú ọgbà yín, ẹ má da oògùn eku síbẹ̀. Eku tó jẹ májèlé kì í kú lójú ẹsẹ̀. Òwìwí yóò gbé e fún àwọn ọmọ rẹ̀, májèlé náà yóò sì pa wọ́n. Eku yóò tún pọ̀ sí i, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa jẹ wọ́n fún yín mọ́.